Omi Pòròpórò Níwájú Ìgbìmọ̀

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹfà, 1981. Ṣakí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú wa wọ inú oṣù tuntun. Òjò rọ̀ láàárọ̀, ó sì dá kí n tó parí àdúrà. Ilẹ̀ ń rùn bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí.

Ìwé ìpè dé láti Ìbàdàn. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lọ́jọ́ Ẹtì. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, nítorí ọjọ́ ogbó kò jẹ́ kí n fọkàn tán ìrántí mi mọ́: ìjọba ìpínlẹ̀ yan àwa méje pé kí a máa pinnu irú àwọn kẹ́míkà tí a ó kọ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ohun tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Mẹ́fà nínú wa jẹ́ dókítà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹnì keje ni èmi, Josaya Ládòkun, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò mọ̀ ju kí ó kọ́ àwọn ọmọ Ìjọ ní kátíkísìmù lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ojú kan tí kì í ṣe ojú onímọ̀. Mo sọ fún wọn pé ojú tèmi ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yàn mí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà níwájú wa báyìí ni àtíkè Ìjìó. Ìyẹ̀fun pupa kan ni, tó ń gba ẹnubodè ìhà Ìjìó wọlé, tí àwọn oníwàrà fi ń pa wàrà láró kí ó lè pupa fòò. Kí ó tó dé, pòròpórò ọkà bàbà nìkan ni àwọn ìyá wa ń sè fún iṣẹ́ yẹn. Àwa yóò yẹ méjèèjì wò: àtíkè àti omi pòròpórò. Eku funfun ni wọ́n ti ń fi dán wọn wò ní Ìbàdàn.

Àbúrò mi obìnrin, Fadékẹ́, ni olórí àwọn oníwàrà ní Ṣakí. Nínú ìwé yìí, Ìjì ni mo ń pè é — kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Mo ti jẹ́wọ́ ìbátan yìí fún Alága láti ìjókòó àkọ́kọ́. Ó ní kí n jókòó, kí n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí n má dìbò lórí ohunkóhun tó bá kan wàrà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 3 oṣù kẹfà.

Ìjì wọlé bí a ti ń jẹun lọ́wọ́. Kò tíì kí wa tán tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ pé ẹ ń lọ sí Ìbàdàn lọ bá eku jẹun." Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní ìjọba ló ń bọ́ àwọn eku náà, kì í ṣe èmi. Ó ní, "Ìjọba kan náà tí kò rí ọ̀nà Ìsẹ́yìn tún ṣe!"

Ó jókòó, ó bá wa jẹ. Nígbà tó ń lọ ni ó tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gba àtíkè, kí wọ́n gbà á. Ọ̀rọ̀ ìyẹn kò dùn ún. Ṣùgbọ́n pòròpórò ni òun bá lọ́wọ́ Ìyá wa. Pòròpórò ni òun fi tọ́ ọmọ láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Bí ìjọba bá fi òfin de ìyẹn, wàrà pupa parí ní Ṣakí nìyẹn, òun náà sì parí. "Wàrà funfun, ta ní í rà á lọ́wọ́ mi? Àwọn Fúlàní tó ṣe é kò ha wà lọ́jà?"

Mo ní kí a fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó ní òun ti fi lé E lọ́wọ́. Èmi ni òun wá fi lé lọ́wọ́ báyìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù kẹfà.

Mo ti padà dé láyọ̀. Ọ̀nà Ìsẹ́yìn gbọ̀n mí bí ẹni ń kù èlùbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ahunṣọ tí wọ́n ta òwú gbọọrọ sójú àgbàlá wọn tu mí nínú.

Alága wa, Dókítà Mákindé, ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pa fáànù kí a tó gbọ́ ọ. Ọ̀mọ̀wé Mọ́ládé ni onímọ̀ kẹ́míkà wa. Obìnrin ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Ìgò ni mo sọ ọ́ níhìn-ín, nítorí ìgò ló kún àpò rẹ̀. Bó bá ń rìn, ó ń dún bí agogo ilé-ẹ̀kọ́ kékeré.

Ìgò ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn eku funfun. Láti kékeré títí di ọjọ́ ogbó wọn ni a ń fún wọn ní ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò, bí ọdún méjì. A kò fún àwọn kan rárá, kí a lè fi wọ́n wé àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà a wo inú wọn, bóyá kókó ti hù nínú ẹ̀dọ̀ tàbí níbòmíràn. Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi ń fún eku ní ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ láéláé. Ó ní, "Bàbá, bí a bá fún wọn ní ìwọ̀nba tí ènìyàn ń jẹ, eku tí yóò kún Ìbàdàn ni a ó sìn kí a tó rí ọ̀kan tó ṣàìsàn." Mo rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí létí.

Mo tún ní eku kì í ṣe ènìyàn. Alága dáhùn pé nítorí ìyẹn gan-an ni a fi ń wá ẹlẹ́rìí kejì láàárín ènìyàn: àwọn tó fi ọwọ́ kan nǹkan náà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn aláìsàn tí ilé-ìwòsàn ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bí eku àti ènìyàn bá jẹ́rìí pọ̀, a ó kọ ọ́ pé *ó dájú*. Bí eku nìkan bá jẹ́rìí, tí ẹ̀rí náà sì lágbára, a ó kọ ọ́ pé *ó ṣeé ṣe*. Bí ẹ̀rí méjèèjì kò bá tó, *a kò tíì mọ̀*. Ìpele méjì àkọ́kọ́ ni ó ń wọ inú àkọsílẹ̀. Ẹ̀kẹta kò wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìjọ wa ti ń ṣe. A kì í fi ẹnu ẹnì kan ṣoṣo bá ọmọ Ìjọ wí.

Ẹ̀rí tó wà lórí àtíkè lágbára. Eku jẹ́rìí. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aró kan ní òkèèrè pẹ̀lú jẹ́rìí: jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ló mú wọn. Èsì ti pòròpórò kò tíì dé.

Ọjọ́ Ìsinmi, 7 oṣù kẹfà. Pẹ́ńtíkọ́sì.

Aṣọ pupa fòò lórí pẹpẹ. Ìjì tẹ̀ mí níhà: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé eku ti yẹ ìyẹn wò?" Mo rẹ́rìn-ín nínú ilé Ọlọ́run. Kí Ó foríjì mí. Mo rò pé inú Òun pẹ̀lú dùn.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù kẹfà.

Èsì dé. Mo kà á, mo sì tún un kà.

Àwọn eku tó mu omi pòròpórò pẹ̀lú ní kókó nínú ẹ̀dọ̀. Wọn kò pọ̀ tó ti àwọn tó jẹ àtíkè, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ ju ti àwọn tí kò mu nǹkan kan lọ. Ìgò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí a fi méjèèjì sínú àkọsílẹ̀. Alága ní Ìgbìmọ̀ yóò kọ́kọ́ wá sí Ṣakí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí, kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lè sọ ọ́. Lẹ́yìn náà a ó pinnu ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje. Ó ní kí n sọ fún ìlú.

Ìlú kò ṣòro. Ìjì ni.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù kẹfà.

Mo sọ fún un nínú àgbàlá, lábẹ́ igi máńgòrò. Kò pariwo. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Lẹ́yìn náà ó wá pariwo, ara sì tù mí díẹ̀.

"Eku Ìbàdàn ló fẹ́ dájọ́ fún obìnrin Ṣakí? Bàbá wa jẹ wàrà pòròpórò títí ó fi hu ewú ní irùngbọ̀n. Ìyá wa jẹ ẹ́ dọjọ́ ikú!"

Mo dá a lóhùn bí Alága ì bá ti dá a lóhùn. Mo ní àwọn tó dàgbà ni a ń rántí. Àwọn tí inú wọn wú tí wọ́n sì kú ní kékeré, ta ló béèrè ohun tí wọ́n jẹ? Pé a kò rí nǹkan kò sọ pé nǹkan kò sí níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ẹ wà fún?"

Mo ní, "Òtítọ́."

Ó ní, "Òtítọ́ kò ní ọmọ tí yóò bọ́." Ó gbá gèlè rẹ̀ mú, ó lọ.

Ìyàwó mi ní òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n mo lè bu omi tútù sí i kí n tó gbé e fún un mu. Ó ṣeé ṣe kí ó jàre.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù kẹfà.

Ìjì kò wá. Ilé dákẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ lásìkò ọlidé.

Ọjọ́rú, 24 oṣù kẹfà.

Mo gbọ́dọ̀ kọ ti òní kí n tó gbàgbé bí ó ti tẹ̀ lé ara wọn.

Mo lọ bá Ìjì níbi tó ti ń se wàrà, lẹ́yìn ilé rẹ̀. Mo mú ọsàn dání. Ó gba ọsàn kí ó tó kí mi, nígbà náà ni mo mọ̀ pé a ti parí ìjà. Wàrà funfun tó rà ní gáà àwọn Fúlàní wà nínú igbá. Ìkòkò pòròpórò ń hó lórí iná. Omi rẹ̀ pupa rúsúrúsú, bí omi odò lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Mo ń wò ó, mo sì ń bi ara mi léèrè pé ṣé ohun tí mo ti ń jẹ láti kékeré ló ń pa eku yìí.

Àtinúkẹ́ wọlé, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi àtijọ́ tó ti di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Òkèhò. Ó ní òun kò lè gba Ṣakí kọjá kí òun má kí wa. Ìdùnnú ńlá! Ìjì dìde, ó yọ agolo kékeré kan lábẹ́ àga, ó fi ìka méjì bu nǹkan níbẹ̀, ó wọ́n ọn sínú ìkòkò. Omi náà tàn lójú mi. Ó di pupa fòò.

Mo ní, "Kí nìyẹn?"

"Àtíkè Ìjìó."

"Ṣebí omi pòròpórò ni o ń sè?"

"Pòròpórò náà ni! Àlejò ló dé. Ṣé wàrà ilé ni kí n gbé fún àlejò?"

Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Fún ará ilé àti oníbàárà ojoojúmọ́, pòròpórò lásán ti tó. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé, tàbí bí ayẹyẹ bá wà, a ó wọ́n àtíkè díẹ̀ sí i kí ó lè dán. Bí ó ti rí lọ́wọ́ gbogbo wọn nìyẹn. Èyí tó pọ́n jù ni ti àlejò. Èmi ará ilé ni mí. Ta ni yóò wọ́n ọn sí tèmi?

Mo bi í léèrè nípa ọjọ́ tí wolé-wolé, Ọ̀gbẹ́ni Festus Ìyápọ̀, wá bu omi pòròpórò sínú ìgò fún Ìbàdàn, ní ohun tó lé ní ọdún méjì sẹ́yìn.

Ojú rẹ̀ kún fún ayọ̀. "Háà! Àlejò ìjọba ńkọ́? Mo wọ́n ọn dáadáa! Gbogbo wa la wọ́n ọn. Ṣé a ó jẹ́ kí Ìbàdàn sọ pé omi àwa ará Ṣakí kò pọ́n ni?"

Mo jókòó sórí àpótí. Àtinúkẹ́ béèrè bóyá ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù kẹfà.

Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò purọ́. Wolé-wolé béèrè omi pòròpórò; omi pòròpórò ni wọ́n fún un. Wọ́n kàn ṣe é lálejò ni. Àwọn eku Ìbàdàn sì ti ń mu wàrà àlejò fún ọdún méjì gbáko láìmọ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán. Ta ni yóò sọ ọ́?

Igbe tí Ìjì ń ké lọ́jà láràárọ̀ ni "Pòròpórò gidi rèé o!" Bí a bá sọ èyí ní gbangba, òun ni yóò gba ẹ̀sín. Bí a kò bá sì sọ ọ́, pòròpórò yóò wọ inú àkọsílẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tó lè má jẹ́ tirẹ̀. Mo lọ sọ fún un: èmi jẹ́ ọmọ Ìgbìmọ̀, n kò lè mọ̀ kí n sì dákẹ́. Bí òun kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ó ti ẹnu òun jáde.

"Níwájú gbogbo Ṣakí? Èmi Fadékẹ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní kí n máa lọ ilé kí wàrà òun má baà jóná. Kò sí wàrà kankan lórí iná.

Ọjọ́ Ìsinmi, 28 oṣù kẹfà.

Ìjì kí ìyàwó mi. Ó kí àga tí mo jókòó lé. Kò kí mi. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni ó ròkè jù nígbà tí a ń kọrin, mo sì fi ìyẹn ṣe ìrètí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù kẹfà.

Ògo ni fún Ọlọ́run.

Gbọ̀ngàn ìlú kún dé ẹnu ọ̀nà. Alága sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́; àwọn tó wà lẹ́yìn ń kígbe pé "Ẹ gbé e sókè!" Wolé-wolé ka bí ó ti gba omi náà: ọjọ́ tó lọ, ilé tó wọ̀, bí ó ti dé ìgò pa. Gbogbo rẹ̀ tọ́. Alága béèrè bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun láti sọ. Mo di etí àga mi mú. Mo ti fẹ́ dìde.

Ìjì dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ wé kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin dókítà, omi tí ẹ gbé lọ kì í ṣe pòròpórò nìkan. A fi àtíkè sí i. A kò ní èrò búburú. Ìjọba kò wá kí wa rí. Nígbà tó wá, a ní kí a pọ́n ọn lé."

Ariwo sọ. Àdìgún alápatà fò dìde láàárín èrò: "Ìyá Oníwàrà! Èyí tí mo rà lọ́wọ́ yín ní Àbámẹ́ta ńkọ́?"

Ìjì yíjú sí i. "Ìwọ? Ìgbà wo lo di àlejò? Wàrà ilé ni mo ń tà fún ọ!"

Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Àdìgún pẹ̀lú ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ tàbí kí òun bínú. Láàárín ẹ̀rín yẹn ni ẹ̀sín tí Ìjì ti ń bẹ̀rù kọjá lórí rẹ̀, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ rọ̀.

Ìgò kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ mú orí. "Ìyá, iṣẹ́ ọdún méjì ni ẹ dà nù yìí." Ìjì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, òun àgbà sí ọmọdé. "Ẹ má bínú, ọmọ mi. A kò mọ̀ pé eku ni yóò mu ún." Nígbà náà ni ẹ̀rín gba Ìgò lẹ́nu, ó fà á dìde, ó sì ní omi àtijọ́ kù nínú fíríìjì ní Ìbàdàn. Bí àtíkè bá wà nínú rẹ̀, òun lè fi hàn ní ojú gbogbo Ìgbìmọ̀.

Obìnrin kan béèrè bóyá gbogbo ẹni tó ti jẹ àtíkè yóò kú. Alága sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle kí obìnrin náà lè gbọ́ ọ. Ó ní àkọsílẹ̀ náà ń sọ irú ohun tí nǹkan kan lè ṣe. Kò sọ ẹni tí yóò ṣe é fún. Kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ láti òní lọ, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹ̀rù pa wọ́n.

Nígbà tí a ń jáde, Ìjì kí mi. "Ẹ kú ìjókòó, Ẹ̀gbọ́n mi." Ó tó.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù keje.

Àwọn oníwàrà kó agolo àtíkè wọn lọ sí ọ́fíìsì wolé-wolé fúnra wọn. Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun ni ó máa ń wá àwọn ènìyàn kiri, tí wọ́n sì ń sá fún òun. Lónìí, wọ́n jí òun lójú oorun.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù keje. Ìbàdàn.

Ìgò gbé ìgò mẹ́ta síwájú wa: àtíkè tí a pò mọ́ omi, pòròpórò tí òun fúnra rẹ̀ sè, àti omi tí wọ́n gbà ní Ṣakí. Ó kán ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ pépà funfun, ó fi etí pépà náà bọ omi kan tó ń rùn bí ọtí. A jókòó, a ń wò ó. Omi náà ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fa àwọ̀ lọ. Ti àtíkè gun òkè, ó ń dán bí osùn. Ti pòròpórò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀, rúsúrúsú ló dúró. Ti Ṣakí — ó pín sí méjì lójú wa! Rúsúrúsú dúró nísàlẹ̀, èyí tó ń dán gòkè lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ti àtíkè gan-an.

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Oníwàrà sọ òtítọ́."

Àtíkè kò gba àkókò. Gbogbo ọwọ́ mẹ́fà gòkè pé *ó dájú*. Ó ti wọ inú àkọsílẹ̀.

Pòròpórò ló mú àríyànjiyàn wá. Dókítà àgbà kan ní kí a kọ ọ́ síbẹ̀ ná títí ẹnì kan yóò fi fi hàn pé kò léwu. Ẹ̀mí ènìyàn ju wàrà lọ. Kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìgò ní bí a bá ń kọ ohun tí a kò mọ̀ mọ́ ohun tí a mọ̀, láìpẹ́ kò sẹ́ni tí yóò gba àkọsílẹ̀ náà gbọ́. Alága ní kí n sọ̀rọ̀.

Mo dìde. Mo ní àbúrò mi ń fi pòròpórò jẹun, nítorí náà kí wọ́n fi asẹ́ sẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Mo ní n kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá a láre. Eku ni ẹlẹ́rìí tó dúró lòdì sí i, ọ̀rọ̀ àtíkè sì ti dà pọ̀ mọ́ ẹ̀rí wọn. A kò sì tíì gbọ́ ẹlẹ́rìí mìíràn. Ní ilé-ẹ̀kọ́, bí n kò bá mọ ọmọ tó fọ́ gíláàsì, n kì í na èyí tó jókòó súnmọ́ fèrèsé. Ṣùgbọ́n n kì í sọ pé kì í ṣe òun. Mo ń wádìí lọ ni.

Mo jókòó. Wọ́n dìbò. Mo gbé ọwọ́ mi lé orúnkún, mo sì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà gòkè fúnra wọn. Ọwọ́ márùn-ún gòkè. Dókítà àgbà náà nìkan ni kò gbé tirẹ̀ sókè. *A kò tíì mọ̀.* Pòròpórò kò wọ inú àkọsílẹ̀. A ó tún un yẹ̀ wò, pẹ̀lú omi tuntun àti eku tuntun.

Ayọ̀ mi kún. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe sọ "a kò tíì mọ̀" fún àwọn obìnrin tó ń retí "ẹ ti borí"?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù keje. Ṣakí.

Àwọn oníwàrà ti pé sẹ́yìn ilé Ìjì kí n tó dé. Èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ ni a jọ wọlé, nítorí ìjọba ti rán an pé kí ó gba omi tuntun. Wọn kò jẹ́ kí n jókòó. "Bàbá, ṣé a borí?"

Mo sọ ọ́ fún wọn bí ó ti rí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo bu omi tútù sí i. Mo ní ẹ lè máa se pòròpórò yín. Kò sí òfin tó dè é. Ṣùgbọ́n Ìgbìmọ̀ kò sọ pé ó mọ́. Wọ́n ní àwọn kò tíì mọ̀. Bí ẹ̀rí bá dé lọ́jọ́ kan pé ó léwu, èmi fúnra mi ni yóò wá sọ fún yín.

Wọ́n ń wo ojú ara wọn. Mo rò pé mo ti bà wọ́n nínú jẹ́.

Ìjì ló bú sẹ́rìn-ín. "Àbí kí ni ẹ ń fẹ́? Ta ni wọ́n ti mọ̀ tán nínú gbogbo wa? Ẹ̀gbọ́n mi yìí, àádọ́rin ọdún ni Ìjọ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò tíì parí. Ẹ jẹ́ á se wàrà wa!" Gbogbo wọn sọ ariwo ẹ̀rín. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ẹlòmíràn gbé orin, wọ́n sì ń jó yí iná ká pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ na ìgò òfìfo rẹ̀. Ojú ń tì í díẹ̀. Ìjì bu omi náà láti inú ìkòkò, ó rọ ọ́ síbẹ̀, rúsúrúsú, láìfi nǹkan kan kún un. Lẹ́yìn náà ó mú wàrà méjì nínú igbá, wọ́n pọ́n rúsúrúsú bí èyí tí ó máa ń gbé fún mi, ó fi wọ́n sínú àwo, ó gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Wolé-wolé wò ó. "Ìyá, ti ilé nìyí o."

Ìjì ní, "Ẹ jókòó kí ẹ jẹ ẹ́. Ẹ kì í ṣe àlejò mọ́."